Ògiri Tó Ń Purọ́

Ẹni tó bá ti gbá géèmù kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ Doom rí kò ní gbàgbé fèrèsé yẹn. Ìpele àkọ́kọ́ pàá ni, eré ò tíì pé ìṣẹ́jú kan. Ẹ wà nínú ibùdó àwọn ológun lórí Phobos, ọ̀kan nínú òṣùpá méjì tó ń yí Mars po, ìbọn kékeré kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ yín. Ẹ bojú wo ìta, ẹ rí adágún kan lábẹ́ ojú ọ̀run, ẹ sì rí ìhámọ́ra aláwọ̀ búlúù tó ń kọ mànà láàárín rẹ̀. Kò sí ilẹ̀kùn tó jáde síbẹ̀. Ẹ lè máa forí sọ fèrèsé náà títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní jẹ́ kẹ́ ẹ kọjá.

Ojú rí i, ọwọ́ ò tó o. Gbogbo ẹ̀kọ́ nípa yàrá ìkọ̀kọ̀ wà nínú fèrèsé kan yẹn. Oṣù Kejìlá ọdún 1993 ni ilé iṣẹ́ id Software gbé géèmù náà jáde, John Romero ló sì ya ìpele yìí. Wọn ò kọ ọ̀rọ̀ kankan síbẹ̀, wọn ò fi ọfà júwe ọ̀nà. Wọ́n kàn gbé nǹkan gidi síbi tí ojú á ti rí i, wọ́n wá fi wá sílẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè tó ń jẹni lọ́kàn: bí mo bá rí i, ó ní láti jẹ́ pé ọ̀nà kan wà tó débẹ̀. Ọ̀nà náà wà lóòótọ́, níwájú dáadáa, lẹ́yìn ògiri kan tó ṣe bí ẹni pé ògiri lásán lòun.

Ẹni tó bá ti pẹ́ nídìí géèmù kì í wo ògiri bí àwọn èèyàn yòókù ṣe ń wò ó. Ó ń wá ibi tí àwòrán ara ògiri ò ti bára mu, ibi tí ìlà tó yẹ kó ṣe déédéé ti yẹ̀ díẹ̀, ibi tí iná ti ń ṣẹ́jú láìnídìí. Á ṣí máàpù, á rí i pé yàrá mẹ́ta yí àyè òfìfo kan ká, á wá bi ara rẹ̀ léèrè pé ta ló máa fi àyè tó báyẹn ṣòfò. Ní Doom, bọ́tìnnì kan náà tí wọ́n fi ń ṣílẹ̀kùn ni wọ́n fi ń dán ògiri wò. Tí ògiri bá jẹ́ ògiri tòótọ́, ọkùnrin inú eré á kérora: ùn! Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti fẹ̀gbẹ́ rin gbọ̀ngàn gbọọrọ, tá à ń tẹ bọ́tìnnì, tí ọkùnrin yẹn ń ké ùn, ùn, ùn, bí ẹni tí inú ń run, títí a ó fi gbọ́ ariwo irin tó ń gbéra sókè. Ayọ̀ tó wà nínú ariwo yẹn, mi ò rí i nínú pípa ẹ̀dá abàmì kankan.

Ẹ kíyè sí i pé ohun tó wà nínú yàrá náà lè má ju ọta ìbọn díẹ̀ lọ. Nígbà míì, ọta tí ẹ ó rí níbẹ̀ ò tó èyí tí ẹ ti yìn kẹ́ ẹ tó débẹ̀. Síbẹ̀, ẹ̀rín á gba ẹnu yín. Mo ti rò ó títí, mo sì ti wá gbà pé kì í ṣe ìṣúra la ń wá nínú yàrá ìkọ̀kọ̀. Ẹni tó fi í pamọ́ là ń wá. Ẹnìkan ti jókòó síbì kan rí, kó tó di pé a ra géèmù yìí, ó ní: "Ẹni tó bá ya aláìgbọràn á dé ibí." A dé ibẹ̀, a bá ohun tó fi sílẹ̀ dè wá. Ìyẹn ni ìṣúra tó wà ńbẹ̀.

Géèmù onírúurú ló ní yàrá ìkọ̀kọ̀, ṣùgbọ́n èyí tó dá lórí ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì ló mọ̀ ọ́n fi pamọ́ jù. Inú igbó tàbí inú ihò àpáta, kò sí nǹkan méjì tó bára mu, nítorí náà ohun tó ṣàjèjì ò lè hàn. Inú ọkọ̀ òfuurufú ńkọ́? Irin ni gbogbo rẹ̀, ẹ̀rọ ló rọ ọ́, abala ògiri kan ò yàtọ̀ sí èyí tó tẹ̀ lé e. Níbi tí ohun gbogbo ti jọra, ẹyọ kan tó bá yàtọ̀ á máa pariwo orúkọ ara rẹ̀. Yàtọ̀ síyẹn, ilé iṣẹ́ ni ibùdó òfuurufú, èèyàn ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ó ní ibi tí wáyà ń gbà, ó ní ibi tí omi ń gbà, ó ní ibi tí òṣìṣẹ́ kan ń tọ́jú ohun tí kò fẹ́ kí ọ̀gá rẹ̀ rí. Ìkọ̀kọ̀ ò ṣàjèjì nírú ilé bẹ́ẹ̀. Ó sì tún ní ihò atẹ́gùn, tí àgbàlagbà ọkùnrin tó gbé ìbọn mẹ́fà lè fi ìkúnlẹ̀ rà gba inú rẹ̀ kọjá láìfara gbún ibì kankan. (Mi ò tíì rí ihò atẹ́gùn tó tóbi bẹ́ẹ̀ lójú ayé. Àwọn ayàwòrán ilé ọjọ́ iwájú ò fi atẹ́gùn ṣeré rárá.)

Àwọn tó ń ṣe irú géèmù yìí tiẹ̀ ní àṣírí láàárín ara wọn. Nínú System Shock, tó jáde ní 1994, nọ́ńbà tó ń ṣí ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ ni 451. Nígbà tí Deus Ex dé ní 2000, 0451 ló ṣí ilẹ̀kùn kan níbẹ̀rẹ̀. BioShock náà lò ó ní 2007, Prey lò ó ní 2017. Ó ti di pé bí a bá ti rí ilẹ̀kùn tó ń béèrè nọ́ńbà nínú géèmù tuntun irú èyí, 0451 la máa kọ́kọ́ tẹ̀, kódà kí a tó wá ìwé tí wọ́n kọ nọ́ńbà gangan sí. Bí ó bá ṣí, a mọ̀ pé ọmọ ìdílé kan náà ló kọ́ ilé náà. Kò sí ìṣúra tó dà bí ìkíni bẹ́ẹ̀.

Bí a bá ní ká tọ ìdí ọ̀rọ̀ yìí lọ, orúkọ tí gbogbo èèyàn máa ń dá ni Warren Robinett. Òun nìkan ló ṣe Adventure fún ilé iṣẹ́ Atari, géèmù dírágónì àti ààfin tó jáde ní 1980, kì í ṣe ti sáyẹ́ǹsì, ṣùgbọ́n a ò lè fò ó dá. Nígbà yẹn, Atari kì í jẹ́ kí orúkọ ẹni tó ṣe géèmù hàn níbì kankan. Robinett ò bá wọn jà. Ó fi àmì bíńtín kan pamọ́ sínú ààfin dúdú, kò ju ẹyọ píksẹ́lì kan lọ, àwọ̀ rẹ̀ sì bá ti ilẹ̀ mu dọ́gba. Ẹni tó bá rí i, tó gbé e dé ibi tó yẹ, á lè gba inú ògiri kọjá sí yàrá kan tí kò sí lórí máàpù. Kò sí wúrà níbẹ̀, kò sí idà. Orúkọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀, láti òkè dé ilẹ̀, tó ń pa àwọ̀ dà: òun Warren Robinett ló ṣe é. Ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Salt Lake City tó kọ lẹ́tà sí Atari pé òun rí nǹkan. Yíyọ ọ́ kúrò á náni lówó, nítorí náà wọ́n fi í sílẹ̀, wọ́n sì wá sọ fífi nǹkan pamọ́ sínú géèmù di àṣà.

Ṣùgbọ́n ó ti lẹ́nìkan tó ṣáájú rẹ̀, inú géèmù òfuurufú nìyẹn sì wà. Ní 1977, Ron Milner fi nǹkan pamọ́ sínú Starship 1, ẹ̀rọ géèmù tí wọ́n ń fi owó ẹyọ gbá. Ẹni tó bá fọwọ́ kan àwọn ohun tí wọ́n fi ń darí rẹ̀ bó ṣe yẹ, lẹ́sẹẹsẹ, á rí i tí ẹ̀rọ á kí Ron lórúkọ, á sì fún un ní eré mẹ́wàá lọ́fẹ̀ẹ́. Ọdún 2017 ni ayé tó gbọ́. Ogójì ọdún ni ìkíni yẹn fi jókòó sínú ẹ̀rọ.

Ẹ̀rín ni ìyẹn ń pa mí, ṣùgbọ́n ó tún ń mú mi ronú. Ṣé ohun tí wọ́n fi pamọ́ tó bẹ́ẹ̀, tí kò ní àmì kankan, yàrá ìkọ̀kọ̀ ṣì ni, àbí nǹkan tó sọ nù? Àwọn tó ṣe Batman: Arkham Asylum ní 2009 fi yàrá kan sẹ́yìn ògiri nínú ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà ibẹ̀, àwòrán géèmù tí wọ́n máa ṣe tẹ̀ lé e ló wà nínú rẹ̀. Kò sí àmì lára ògiri náà, kò sí ìlà, kò sí nǹkan kan. Kò sẹ́ni tó rí i, àfìgbà tí wọ́n fẹnu ara wọn sọ. Lójú tèmi, ìyẹn ò dára tó fèrèsé Doom. Ẹni tó fi nǹkan pamọ́ tí kò ṣẹ́jú sí wa rárá, ara rẹ̀ nìkan ló ń bá ṣeré. Ògiri lè purọ́, ṣùgbọ́n ó yẹ kó purọ́ bí ẹni tó fẹ́ kí á mọ̀ pé irọ́ lòun ń pa.

Géèmù tó mọ irọ́ pípa yìí jù lọ ni Super Metroid, tí Nintendo gbé jáde ní 1994. Samus Aran ni ẹ jẹ́, ẹ̀yin nìkan lórí pílánẹ́ẹ̀tì Zebes, kò sí ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀. Nǹkan 100 ni wọ́n fi pamọ́ káàkiri ibẹ̀, láti orí misáìlì tó wà nínú ògiri títí dé ohun èlò ńlá tó ń yí gbogbo ìrìn yín padà. Ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀, ọ̀nà kan wà tí wọ́n fi dígí ṣe, páìpù gbàgàdà tó gba inú omi kọjá. Ẹ máa gba inú rẹ̀ lọ, ẹ máa gba inú rẹ̀ bọ̀, ẹ máa wo omi àti ẹja tó wà lẹ́yìn dígí bí ohun ẹ̀ṣọ́. Kò sí ohun tó ní kẹ́ ẹ dúró níbẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ní bọ́ǹbù ńlá lọ́wọ́, lọ́jọ́ kan tí ọ̀nà bá tán pátápátá, ẹ ó wá ronú pé dígí lèyí, dígí sì ń fọ́. Ẹ ó gbé bọ́ǹbù kalẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ á tàn, dígí á kọ́kọ́ sán, ó máa wá fọ́ yángá, omi á rọ́ wọlé, agbègbè kan odindi á sì ṣí sílẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀, ibi tó ti wà lójú yín látọjọ́ yìí.

Ohun tó dára níbẹ̀ ni pé wọn ò fi ilẹ̀kùn náà pamọ́ rárá. Ojútáyé ni wọ́n gbé e sí. Ojú wa ni wọ́n fi bò ó, nítorí a ti pinnu pé ohun àwòmọ́jú ni.

Nínú géèmù yẹn náà, ẹranko kéékèèké mẹ́ta wà nísàlẹ̀ kòtò kan tó jìn, tí wọ́n ń fò láti ara ògiri kan sí ara ògiri kejì, tí wọ́n sì ń kọrin. Ẹni tó bá já sínú kòtò náà á rò pé òun ti há. Ṣùgbọ́n ẹ wò wọ́n dáadáa: wọ́n ń fi bí ẹ ṣe máa jáde hàn yín ni. Láti ìbẹ̀rẹ̀ eré ni Samus ti lè fò bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó sọ fún wa ni. Ẹyẹ kan wà níbòmíràn tó ń sáré, tó dúró, tó wá fò sókè fíìrì, ẹ̀kọ́ lòun náà ń kọ́ni. Nígbà tí pílánẹ́ẹ̀tì náà bá wá fẹ́ bú gbàmù ní òpin eré, tí aago ń ka ìṣẹ́jú mẹ́ta sẹ́yìn, tí gbogbo èèyàn ń sá lọ sínú ọkọ̀, ọ̀nà kan wà tí ẹ lè yà sí, sínú yàrá tí ẹ ti rí bọ́ǹbù níbẹ̀rẹ̀. Àwọn ẹranko náà ló wà níbẹ̀. Bí ẹ bá yìnbọn sí ògiri, wọ́n á sá jáde. Kò sí misáìlì, kò sí ẹ̀bùn. Nígbà tí Zebes bá bú lójú ọ̀run, tí ẹ bá la ojú yín dáadáa, ẹ ó rí àmì ìmọ́lẹ̀ bíńtín kan tó fò yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìyẹn ni gbogbo owó ọ̀yà yín. Mo mọ àwọn àgbàlagbà tí wọn ò jẹ́ parí Super Metroid láìyà sí yàrá yẹn.

Níbí ni mo ti fẹ́ bá àwọn ọ̀rẹ́ mi tó fẹ́ràn 100% jà díẹ̀. Láti ìgbà Doom ni ìṣirò ti wọ ọ̀rọ̀ yìí. Bí ìpele bá parí, géèmù á ka iye ẹ̀dá tí ẹ pa, iye nǹkan tí ẹ kó, àti iye ìkọ̀kọ̀ tí ẹ rí, ní ìdá ọgọ́rùn-ún. Mo gbà pé ó ní ìwúlò: ẹni tó rí 50% mọ̀ pé nǹkan kan ṣì kù. Ṣùgbọ́n ó ń sọ ẹni tó ń wo àyíká rẹ̀ di akọ̀wé ìṣirò. Ọ̀pọ̀ géèmù òde òní ló tiẹ̀ ń fi àmì sórí máàpù: ìṣúra kan nìyí, òmíràn nìyí, ẹ wá kó wọn. Ìkọ̀kọ̀ wo ló kù nínú ìyẹn? Iṣẹ́ ilé ni.

Síbẹ̀, ìṣirò yẹn náà ló bí ọ̀kan nínú ìtàn tí mo fẹ́ràn jù. Nínú Doom, gbogbo ilẹ̀ ni wọ́n pín sí abala, abala kọ̀ọ̀kan sì lè ní nọ́ńbà tó ń sọ irú ohun tó jẹ́. Nọ́ńbà 9 ni ti ìkọ̀kọ̀: bí ẹsẹ̀ yín bá kàn án, géèmù á kà á fún yín. Ní ìpele kẹẹ̀ẹ́dógún Doom II, tó jáde ní 1994, wọ́n fi nọ́ńbà 9 sí abala kan tó wà ní ibi tó ń gbé èèyàn fò lọ sí ibòmíràn. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé kí ẹsẹ̀ yín tó balẹ̀ níbẹ̀, ó ti gbé yín lọ. Nítorí náà kò sẹ́ni tó lè rí 100% níbẹ̀, àfi ẹni tó bá lo kóòdù ojóòró. Ọdún ń gorí ọdún, àwọn èèyàn gbà pé àṣìṣe ni, wọ́n fi í sílẹ̀. Ní 2018, ẹnìkan tó ń jẹ́ Zero Master nídìí géèmù rí ọgbọ́n dá sí i: ó jẹ́ kí ẹ̀dá abàmì kan ti òun wọlé, kí ara òun lè wọ abala náà láìjẹ́ pé òun fúnra òun rìn wọ ibi tó ń gbéni lọ. Ó kà. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rìnlélógún! John Romero fúnra rẹ̀ kí i kú oríire ní gbangba.

Ẹ wò ó, ìṣúra wo ló wà nínú abala yẹn? Kò sí nǹkan kan. Ilẹ̀ lásán ni. Àmọ́ ọkùnrin tó wà lẹ́yìn ògiri yọjú, ó sì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Romero yìí kan náà ló wà lẹ́yìn ògiri mìíràn nínú Doom II, lọ́nà tí kò ṣeé gbà gbọ́. Ọ̀tá ìkẹyìn níbẹ̀ jẹ́ orí ẹ̀mí èṣù gbàgìdì kan lára ògiri, ibi iwájú orí rẹ̀ la máa ń yìn. Àwọn tó fi kóòdù ojóòró gba inú ògiri kọjá bá orí èèyàn kan níbẹ̀, tí wọ́n fi kọ́ igi: orí Romero. Gbogbo ọta táwa ń yìn, òun ló ń bà.

Ìkọ̀kọ̀ Portal yàtọ̀ sí gbogbo èyí. Valve ló ṣe é ní 2007. Ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ GLaDOS ló ń darí yín láti yàrá ìdánwò kan sí èkejì, ohùn rẹ̀ tutù, ó ń ṣèlérí àkàrà òyìnbó fún yín bí ẹ bá ṣe dáadáa. Ohun gbogbo funfun, ó mọ́, ó sì ń rùn bí irọ́, bí irọ́ bá ní òórùn. Ní yàrá kẹrìndínlógún, bí ẹ bá wo ògiri dáadáa, ẹ ó rí abala kan tó ṣí díẹ̀. Ẹ kọjá sẹ́yìn rẹ̀. Ìdọ̀tí ló wà níbẹ̀. Agolo oúnjẹ òfìfo, ike omi, ìpata, wáyà, àti ìkọ̀wé ọwọ́ tó ń gbọ̀n lára ògiri, ìkìlọ̀ kan náà tí wọ́n kọ léraléra: irọ́ ni àkàrà yẹn. Ẹnìkan ti sápamọ́ níbẹ̀, ó ti jẹun, ó ti sùn, ó ti ya wèrè díẹ̀.

Kò sí ọta, kò sí ohun ìjà. Ẹ jáde kúrò níbẹ̀ bí ẹ ṣe wọlé, àmọ́ ohùn tútù yẹn ò ní dún bí ti tẹ́lẹ̀ mọ́ létí yín láéláé. Ẹni tó kọjá láìwọ ibẹ̀ á ṣì parí géèmù náà, ṣùgbọ́n á ti pẹ́ kó tó fura. Lójú mi, kò sí yàrá ìkọ̀kọ̀ tó ṣiṣẹ́ tó o. Valve ò tiẹ̀ dáwọ́ dúró síbẹ̀: ní oṣù Kẹta ọdún 2010, nǹkan bí ọdún méjì àtààbọ̀ lẹ́yìn tí géèmù náà ti jáde, wọ́n ṣe àtúnṣe sí i láìpariwo, àwọn rédíò inú rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun àjèjì bí ẹ bá gbé wọn dé ibi kan pàtó. Àwọn èèyàn tú ariwo wọn, àwòrán ló jáde. Portal 2 ni wọ́n ń kéde.

Prey tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ní tirẹ̀ (ẹni tí kò bá tíì gbá a, kó fo ìpínrọ̀ yìí). Ilé tí ẹ ti jí níbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àti ìlú tí ẹ ń rí lójú fèrèsé, irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ẹ fọ́ dígí, ẹ ó rí i pé inú yàrá ìwádìí lẹ ti wà látọjọ́ yìí. Odindi ilé tó jẹ́ ògiri irọ́! Mi ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹnìkan lè ní ìṣúra ni ìṣúra, kí ló kàn mí pẹ̀lú ẹni tó fi í pamọ́? Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú géèmù Destiny ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2014. Ihò kan wà níbẹ̀ tí ọ̀tá ń tú jáde láìdáwọ́ dúró, ìṣúra sì ń jábọ́ lára wọn. Àwọn èèyàn tò síta ihò náà, wọ́n ń yìnbọn sínú rẹ̀ ṣáá, wákàtí lé wákàtí. Kò sẹ́ni tó gbádùn rẹ̀. Wọ́n ń ṣe é bíi iṣẹ́ àṣekúdórógbó, títí Bungie, ilé iṣẹ́ tó ṣe géèmù náà, fi tún un ṣe. Ìṣúra pọ̀ níbẹ̀ ju gbogbo yàrá ìkọ̀kọ̀ Doom lápapọ̀ lọ. Ẹ bá mi wá ẹnìkan tó rántí ohun tó rí kó.

Tàbí kẹ́ ẹ wo No Man's Sky, tó jáde ní 2016. Pílánẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀ jẹ́ 18,446,744,073,709,551,616. Ìṣirò kọ̀ǹpútà ló dá wọn, kò sí èèyàn tó yà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo fẹ́ràn rẹ̀, ojú ọ̀run rẹ̀ lẹ́wà, mo sì ti balẹ̀ sí ibi tí kò sẹ́ni tó débẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí ilé àwókù kan nínú àfonífojì, tí mo wọ inú rẹ̀, tí mo rí àpótí níbẹ̀, ọkàn mi ò sọ. Kò sẹ́ni tó rò pé màá wá. Bí n ò bá wá, kò sẹ́ni tó máa jáde láyé pẹ̀lú ìbànújẹ́ pé n ò rí àpótí òun. Ohun tó mú ọkàn mi sọ níbẹ̀ ni ibùdó tí èèyàn bíi tèmi kọ́ sórí òkè kan, tó fi iná kékeré kan sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Nípa fídíò YouTube tó ń fi gbogbo ìkọ̀kọ̀ hàn, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Àwọn tó ń ṣe é ń ṣiṣẹ́ takuntakun, ẹni tí kò sì ní àyè ní ẹ̀tọ́ láti wò ó. Àmọ́ kí ó wò ó lẹ́yìn tó bá ti dán ògiri díẹ̀ wò.

Ìdí tí mo fi ń sọ bẹ́ẹ̀ hàn gbangba nínú Outer Wilds, géèmù tí Mobius Digital ṣe ní 2019. Níbẹ̀, kò sí ohun ìjà tí ẹ máa rí, kò sí owó, kò sí agbára tuntun. Ẹ jí lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, ẹ wọ ọkọ̀ yín, ẹ lọ síbi tó wù yín. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjìlélógún, oòrùn á bú gbàmù, ohun gbogbo á parun, ẹ ó tún jí lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná yẹn. Ohun kan ṣoṣo tí ẹ ń mú bọ̀ ni ohun tí ẹ ti mọ̀. Pílánẹ́ẹ̀tì méjì wà níbẹ̀ tó ń yí ara wọn po, iyanrìn ń ṣàn láti ara ọ̀kan sí ara èkejì. Bí iyanrìn ṣe ń kún ihò inú èyí, bẹ́ẹ̀ ni ilé ìṣọ́ tó wà lábẹ́ ìyẹn ń yọrí. Ẹni tó tètè dé ò rí nǹkan kan, ẹni tó pẹ́ dé bá ọ̀nà tó ti dí. Aago ni ìlẹ̀kùn ibẹ̀.

Yàrá tó ṣe kókó jù nínú gbogbo géèmù náà, ẹ lè wọ ọ́ ní ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá jí. Kò sí kọ́kọ́rọ́ tí ẹ máa wá. Ẹ ò kàn tíì mọ̀ ni. Nítorí náà, ẹni tó bá ti parí rẹ̀ kò lè gbá a mọ́, nítorí ìṣúra náà ti wà lórí rẹ̀, kò sì ṣeé dá padà. Ohun tó kù fún irú wa ni ká jókòó ti ẹlòmíràn tó ń gbá a.

Mo ṣe é pẹ̀lú ọ̀rẹ́ mi kan. Ó rin ìrìn ìyà kọjá iwájú ilé ìṣọ́ tó tọ́, ó tún padà, ó tún kọjá. Mo fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó dá eré dúró, ó yíjú sí mi, ó ní: "Kí ló dé tí o fi ń mí bẹ́ẹ̀? Nǹkan wà níbí, àbí?" Mo ní kò sí nǹkan kan, kó máa lọ. Ó ní irọ́ ni mò ń pa, ó sì yí ọkọ̀ rẹ̀ padà síbẹ̀.